WhatsApp, Signal, Telegram àti SMS: níbo ni ọ̀rọ̀ yín ń sùn sí?

Ẹni tó bá fẹ́ yan áàpù tí yóò máa fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ sábà máa ń béèrè pé èwo ló láàbò jù. Ìbéèrè yẹn kò tíì pé. Ààbò lọ́wọ́ ta ni? Olè tó já fóònù gbà kì í ṣe irú ẹni kan náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Ará ilé tó mọ nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí fóònù yín kò sì jọ òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè wo àkọsílẹ̀ ìpè yín. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ń sùn sí lẹ́yìn tí a bá ti fi ránṣẹ́, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ìdánwò kan wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ká ní fóònù yín bọ́ sómi lónìí, tí kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ ra òmíràn, ẹ gba síìmù nọ́ńbà yín padà, ẹ fi nọ́ńbà yẹn wọlé. Kí lẹ máa bá níbẹ̀?

Lórí Telegram, gbogbo ìjíròrò lásán ló máa padà: ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, fọ́tò, fídíò, fáìlì. Lórí WhatsApp, ẹ máa rí àwọn gúrúùpù tí ẹ wà, ṣùgbọ́n inú wọn á ṣófo, àfi tí ẹ bá ti ṣe backup (ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí a tọ́jú síbòmíràn) tẹ́lẹ̀. Lórí Signal, tí ẹ bá rántí PIN yín, orúkọ yín àti àwọn èèyàn yín lè padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá wọn sọ kò ní padà, àfi tí ẹ bá ní backup. SMS tí ẹ ti gbà kì í fúnra rẹ̀ tọ̀ yín wá láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ohun tó bá padà wá láìjẹ́ pé ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kankan dání, ẹlòmíràn ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tó kù wà lórí ìyẹn.

| | WhatsApp | Signal | Telegram | SMS |
|---|---|---|---|---|
| Ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́ | Ó wà fúnra rẹ̀ | Ó wà fúnra rẹ̀ | Secret Chat àti ìpè ẹni méjì | Kò sí |
| Ọ̀rọ̀ lórí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá) | Títí á fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín | Títí á fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín | Títí ẹ máa fi pa á rẹ́ | Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló mọ̀ |
| Èèyàn nínú gúrúùpù | 1,024 | 1,000 | 200,000 | – |
| Ta ló ń rí nọ́ńbà yín | Ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ àti gúrúùpù | Ẹ lè fi pamọ́ | Ẹ lè fi pamọ́ | Gbogbo ẹni tí ẹ bá kọ sí |
| Ẹni tó ni ín | Meta | Àjọ tí kì í ṣe fún èrè | Ilé-iṣẹ́ aládàáni | Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín |

Ohun tí a pè ní ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́ níbí ni èyí tí àwọn áàpù ń pè ní end-to-end encryption. Fóònù yín ló ń ti ọ̀rọ̀ náà pa, fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ló sì ń ṣí i. Sáfà tó wà láàárín ń gbé e kọjá ni, kò lè kà á.

Telegram

Telegram jáde ní 2013, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé áàpù àṣírí ni. Ìjíròrò lásán tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò ní ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n ń tì í pa láti fóònù yín dé sáfà, wọ́n sì tún ń tì í pa níbi tó wà lórí sáfà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo gúrúùpù àti channel (ibi tí ẹnìkan ti ń kéde fún ọ̀pọ̀ èèyàn), ẹ ò sì ní rí bọ́tìnì kankan tí ẹ lè fi yí ìyẹn padà.

Tí ẹ bá fẹ́ ìtìpa gidi, ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ Secret Chat. Ẹ tẹ orúkọ ẹni náà lókè ìjíròrò, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta (⋮; More ni lórí iPhone), kí ẹ wá yan Start Secret Chat. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì kí fóònù méjèèjì tó lè pàrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Orí fóònù méjì yẹn nìkan ló sì máa wà: tí ẹ bá ṣí Telegram lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní rí i. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ìjíròrò lásán ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú èyí tó ní àmì àgádágodo, ẹni kejì fèsì sínú èyí tí kò ní, ọ̀rọ̀ àṣírí bá tún dé orí sáfà. Ẹ ní kí ẹni náà wo àgádágodo yẹn kó tó tẹ ohunkóhun.

Ìpè ẹni méjì lórí Telegram ní ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́ o. Emoji mẹ́rin máa ń hàn lórí iboju nígbà ìpè. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bára mu lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, kò sí ẹni tó wà láàárín. Nítorí náà, ẹni tí kò ní áàpù mìíràn lè fi ẹnu sọ ohun tí kò yẹ kó kọ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2024, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Faransé mú Pavel Durov, ọ̀gá Telegram. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ náà yí òfin rẹ̀ padà: ó ní òun lè fún aláṣẹ ní nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) ẹni tó bá rú òfin òun, tí ìwé àṣẹ tó tọ́ bá wà. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sẹ́yìn, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni nìkan lèèyàn lè fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ inú ìjíròrò lásán sì wà lọ́wọ́ Telegram.

A kò ní tìtorí èyí sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò. Fún fóònù tí ààyè inú rẹ̀ kéré, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹ lọ sí Settings, Data and Storage, Storage Usage, ẹ tẹ Clear Cache, ààyè á ṣí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìgbàkígbà tí ẹ bá sì tún fẹ́ fáìlì náà ẹ lè gbà á lórí sáfà (dátà yín ló máa lọ sí i). Fáìlì 2 GB ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, 4 GB fún ẹni tó ń sanwó Premium. Àǹfààní yẹn àti àléébù yẹn, ojú kan náà ni wọ́n ti ń wá.

WhatsApp

Láti 2016 ni gbogbo ọ̀rọ̀ àti ìpè lórí WhatsApp ti ní ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́. Irú ìtìpa tí Signal ṣe ni wọ́n ń lò. Meta, tó ń jẹ́ Facebook nígbà tó ra WhatsApp ní 2014, kò lè ka ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n bí àpò lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ náà rí lójú rẹ̀: ó ń rí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á àti àkókò tí wọ́n fi í ránṣẹ́, inú àpò nìkan ni kò rí.

Ọ̀nà mẹ́ta wà tí inú àpò fi lè ṣí. Tí ẹ bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan lórí WhatsApp, ilé-iṣẹ́ yẹn lè ti gbé iṣẹ́ gbígba lẹ́tà rẹ̀ fún Meta tàbí fún ẹlòmíràn. Tí ẹ bá bi Meta AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè nínú WhatsApp, ní ìbéèrè, Meta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ tààrà. Tí ẹnìkan bá sì tẹ Report lórí yín, ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ìjíròrò náà á lọ bá WhatsApp.

Ṣùgbọ́n ibi tí omi ti ń wọlé jù ni backup. Lórí Android, Google ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Lórí iPhone, iCloud ni. Tí ẹ kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́ kò bo backup yẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tì pa dáadáa lójú ọ̀nà wá lọ ń sùn síbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Láti 2021 ni WhatsApp ti pèsè àtúnṣe rẹ̀: Settings, Chats, Chat backup, End-to-end encrypted backup, Turn on. Ó máa ní kí ẹ yan páásìwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 64. Ẹ yan páásìwọ́ọ̀dù tó gùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ máa gbé síbi tí kì í ṣe ibi tí fóònù ń wà. Tí fóònù bá sọnù tí páásìwọ́ọ̀dù náà sì sọnù, WhatsApp kò lè bá yín ṣí i, Google àti Apple pàápàá kò lè ṣe é. Tí fóònù bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè lọ sójú ibẹ̀ kan náà kí ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù tí ẹ gbàgbé padà. Ẹ dán an wò kí wàhálà tó dé.

Backup ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ yín o. Ẹ ti tiyín pa, ẹni tí ẹ kọ̀wé sí kò ti tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà wà níbẹ̀ gbayawu. Nínú gúrúùpù ogójì èèyàn, ogójì backup ló lè wà. Tí ọ̀rọ̀ bá lágbára, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ó ti tan èyí tí a sọ lókè yìí, tàbí kí ẹ fi ọjọ́ ìparẹ́ sí ìjíròrò náà: ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ yan Disappearing messages, kí ẹ yan wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90.

Lórí Android, backup WhatsApp ń jẹ nínú 15 GB tí Google ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ti email àti ti fọ́tò sì wà nínú 15 GB yẹn. Tí ó bá kún, backup á dúró, ọ̀pọ̀ kì í sì mọ̀ títí ọjọ́ tí fóònù máa bàjẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Last backup lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa Include videos, torí fídíò ló ń gba ààyè jù.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni Linked devices. Ẹni tó bá rí fóònù yín ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú kan, tó sì lè kọjá ibi tí ó ti ń béèrè ìka ọwọ́ tàbí PIN, lè so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọn. Á sì máa ka ọ̀rọ̀ yín bí ó ṣe ń wọlé, kódà tí fóònù yín bá wà ní pípa. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló lè so mọ́ àkáǹtì kan, ẹ̀yìn ọjọ́ 14 tí fóònù kò bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tó ń já. Ẹ lọ wo àkójọ náà lóṣooṣù. Èyí tí ẹ ò bá dá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Log out. Láàárín tọkọtaya tàbí lábẹ́ òrùlé kan náà, a rò pé ọ̀nà yìí léwu ju gbogbo ẹ̀rọ àwọn amòye lọ, torí kò gba ìmọ̀ kankan.

Signal

Signal Foundation ló ni Signal. Àjọ tí kì í ṣe fún èrè ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú mílíọ̀nù 50 dọ́là láti ọwọ́ Brian Acton, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀. Ohun tó ya Signal sọ́tọ̀ ni bí àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣe kéré tó. Nígbà tí ìwé àṣẹ láti Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín ní 2016, ohun méjì péré ni wọ́n ní láti kó sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì náà àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn. Wọn kò fi ohunkóhun pamọ́. Wọn kò ní i ni.

Láti 2024, kò pọn dandan kí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ rí nọ́ńbà yín. Ẹ lọ sí Settings, Privacy, Phone Number, kí ẹ fi Nobody sí ibi méjèèjì, kí ẹ wá yan orúkọ ìlò kan tí ẹ máa fún àwọn èèyàn dípò nọ́ńbà. Ẹ tètè ṣe é ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí tí ẹ kò bá ṣe é, ẹni tó ní nọ́ńbà yín nínú fóònù rẹ̀ lè rí i pé ẹ ti dé orí Signal. Ẹ ṣì nílò nọ́ńbà fóònù láti forúkọ sílẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Èèyàn kì í pọ̀ níbẹ̀, ẹnìkan sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó rí ọ̀rẹ́ méjì tó gbà láti gbé e sórí fóònù. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sì wà lọ́rùn ẹ̀yin fúnra yín. Tí fóònù àtijọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ fi ètò gbígbé àkáǹtì kó ohun gbogbo kọjá. Tí ó bá ti kú, ó ti parí, àfi tí ẹ bá ní backup. Lórí Android, èyí tó ń wà nínú fóònù ní kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 30. Ní 2025, Signal tún mú backup orí sáfà jáde, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, ẹni tó bá sì fẹ́ ló ń tàn án. Ẹ kọ èyíkéyìí tí ẹ bá yàn sórí ìwé. Ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ tó sì fi í sínú fóònù kan náà kò tíì tọ́jú nǹkan kan.

Ohun kan tún ku. Ìtìpa tó dára jù láyé kò wúlò tí ọ̀rọ̀ bá ń yọ lójú fóònù tí wọ́n tì pa. Nínú Settings, Notifications, Show, ẹ yan No name or message.

SMS

Kò sí ìtìpa láti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú SMS. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín àti ti ẹni tó gbà á lè rí i. Ìwúlò rẹ̀ tó kù ni pé ó ń dé ibi tí dátà kò dé, ó sì ń dé orí fóònù kékeré tí kò ní áàpù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, ẹ kíyè sí i: lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo kò sí nínú àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe 160 náà fún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí 70. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ó jẹ́ SMS kan á di méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì gba owó méjì tàbí mẹ́ta.

Google Messages, áàpù SMS ti Google, lè fi ìtìpa sí ìjíròrò RCS (ọ̀rọ̀ tó ń gba orí dátà dípò SMS) láàárín àwọn tó ń lò ó. Ẹ wá àmì àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́. Tí dátà bá já tí ó sì padà sí SMS lásán, àgádágodo náà á lọ.

Tí ẹnìkan bá gba nọ́ńbà yín

Olè tó yọ síìmù yín, tàbí tó tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí wọ́n fi gbé nọ́ńbà yín fún un, á gba kóòdù tí áàpù máa fi ránṣẹ́. Níbí ni ìdánwò fóònù inú omi ti tún wúlò, torí olè ló ń ṣe é báyìí. Lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ tuntun tó ń wọlé ló máa rí, ó sì lè fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín. Lórí Telegram, gbogbo ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá inú ìjíròrò lásán ló máa wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń lo Telegram láìní páásìwọ́ọ̀dù kejì ló wà nínú ewu jù lọ.

Ibi tí ẹ máa tàn án nìyí:

- Telegram: Settings, Privacy and Security, Two-Step Verification. Ẹ fi email tí ẹ lè wọ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni ẹ máa gbà wọlé tí ẹ bá gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù.
- WhatsApp: Settings, Account, Two-step verification. PIN onínọ́ńbà mẹ́fà ni. Ẹ fi email síbẹ̀ pẹ̀lú.
- Signal: Settings, Account, Registration Lock. Tí ẹ kò bá wọ Signal fún ọjọ́ 7, àgádágodo yìí á ṣí fúnra rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí kì í ṣí Signal gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí ẹ sì fi PIN sí síìmù fúnra rẹ̀ nínú Settings fóònù, kí olè má baà kàn yọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ PIN tí síìmù bá wá, torí tí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa tì, PUK, kóòdù ìṣísílẹ̀ láti ọwọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló sì lè ṣí i.

Èwo ni kí ẹ mú?

Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ fi sílẹ̀ sórí WhatsApp, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wà, kí ẹ sáà ti tan ìtìpa backup àti PIN. Èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ẹjọ́, nọ́ńbà àkáǹtì, àwòrán ìwé ìdánimọ̀, àti gbogbo ohun tí ẹ kò ní fẹ́ kí ẹnìkẹta rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ gbé e lọ sórí Signal pẹ̀lú ọjọ́ ìparẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ò nílò ju èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ níbẹ̀. Ìkéde, ẹ̀kọ́, fáìlì ńlá àti gúrúùpù ẹgbẹẹgbẹ̀rún, Telegram ló mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ṣe é bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárín ọjà. SMS, ẹ fi sílẹ̀ fún "mo ti dé" àti ibi tí dátà kò sí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ pátápátá, ẹ má kàn ju síìmù náà nù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ta nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ fún ẹlòmíràn. Kí síìmù tó kú, ẹ gbé àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí nọ́ńbà tuntun. WhatsApp ní Change number nínú Settings, Account. Signal ní Change phone number níbi kan náà. Lórí Telegram, ẹ tẹ nọ́ńbà yín nínú Settings. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Telegram.